Ìfọ̀mọ́ Ni Olórí Iṣẹ́: Bí Òróró Àlòkù Ṣe Ń Di Dísẹ́ẹ̀lì

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ìkòyí, oríṣi epo méjì ló máa ń jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wà nínú ilé ìdáná: òróró tí wọ́n fi ń dín ẹja, ọ̀dùnkún àti dòdò ní àwọn ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà Awólọ́wọ̀, àti èyí tó ń hó nínú agbada àwọn tó ń dín àkàrà àti puff-puff lápá Ọbáléndé. Èkejì wà lẹ́yìnkùlé: dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ń mu nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó ń dín nǹkan kò mọ ẹni tó ń rọ dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ kan kò sì pa wọ́n pọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà láyé tó so epo méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ náà a máa gba òróró tó ti dúdú, tó ti ń rùn, tí èérún àkàrà jíjóná ti rì sí ìdí rẹ̀, a sì máa sọ ọ́ di dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè gbé ìgò rẹ̀ sókè kó sì rí ẹni tó dúró lódìkejì.

Àwọn tó bá ń ròyìn iṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ ti iná, ti irin àti ti agbára ẹ̀rọ. Mo fẹ́ kí a sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, a ó rí i pé àwọn tó ń fọ epo náà kí iná tó kàn án ni wọ́n ń ṣe èyí tó gba sùúrù jù, àwọn ni ìyìn sì tọ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òróró náà fúnra rẹ̀. Ìbáà jẹ́ òróró ẹ̀pà, ìbáà jẹ́ epo pupa tàbí ọ̀rá màlúù, bákan náà ni ìṣẹ̀dá wọn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, dà bí òòyà eléyín mẹ́ta. Glycerol ni igi òòyà náà. Fatty acid ni eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ̀wọ̀n gígùn tí kábọ́ọ̀nù 16 tàbí 18 sábà máa ń so kọ́ra nínú rẹ̀, tí ọ́síjìn sì wà ní ìdí rẹ̀ níbi tó ti kan igi. Nígbà tí òróró bá gbóná tó 170 sí 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ẹ̀wà lílọ̀ tó lómi lára bá já sínú rẹ̀, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já eyín kúrò lára igi. Eyín tó já náà ló ń sọ òróró di kíkan. Afẹ́fẹ́ náà kò sì jókòó lásán: á mú kí àwọn ẹ̀wọ̀n kan lẹ̀ mọ́ ara wọn, òróró á ki, á ṣókùnkùn, á máa yọ ìfófòó, á sì máa rú èéfín kó tó gbóná bó ṣe yẹ. Ìyá alákàrà kò nílò ìwé kankan láti mọ̀ pé òróró òun ti kú. Ojú rẹ̀ ti rí i, imú rẹ̀ ti gbọ́ ọ.

Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Àwọn kan á da òróró náà sínú gọ́tà, á sì di mọ́ yẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí níbẹ̀ títí omi òjò kò fi ní ríbi gbà. Àwọn kan á tà á lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tí yóò tún fi dín nǹkan fún aráàlú jẹ, èyí sì burú jù. Ẹni tó mọ iyì rẹ̀ á jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, á sì dé e pa. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá wọ inú kẹ́ẹ̀gì náà, á tún máa já eyín sí i. Bí ẹnì kan bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi ra òróró lójú lásán. Á dojú kẹ́ẹ̀gì dé díẹ̀ láti wò bóyá omi ń yọ́ rìn ní ìdí rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á sì bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Níbi àyẹ̀wò, wọ́n á tú díẹ̀ sínú ọtí líle, wọ́n á kán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní phenolphthalein sí i, wọ́n á wá máa kán omi kan tó ta bí ti eérú sí i lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bá yọ tí kò sì parẹ́ mọ́, wọ́n á dúró. Iye ẹ̀kán tó wọlé ni yóò sọ iye eyín tó ti já, ìyẹn náà ni yóò sì sọ iye tí òróró náà tọ́ sí.

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ kí a já òòyà yìí fún àǹfààní. Ohun tí àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ti ń ṣe láti ayébáyé nìyẹn. Wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi di eérú, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á sì se é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa. Omi eérú yìí ló ń yọ eyín kúrò lára igi tó sì ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Nígbà tí Lever Brothers dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, ọṣẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń se é ní Àpápá, lódìkejì omi sí Erékùṣù Èkó. Bíódísẹ́ẹ̀lì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ sí ọṣẹ yìí. Wọ́n á po ọtí tí wọ́n ń pè ní methanol mọ́ sódà líle díẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú òróró tó gbóná tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì máa rò ó. Eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi igi sílẹ̀, wọ́n á so mọ́ methanol, glycerol á sì rì sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tó níyì ni, ibi kékeré náà sì lè gbà á. Àmọ́ ọ́síjìn ṣì wà lára eyín wọ̀nyẹn, ìdí nìyẹn tí epo náà fi máa ń fa omi mọ́ra, tí kì í sì í pẹ́ yí padà bó bá wà nílẹ̀ títí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú 100 ni wọ́n fàyè gbà kó wà nínú dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà káàkiri. Bí òróró bá sì ti kan jù, sódà náà á sọ eyín tó já di ọṣẹ nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ọṣẹ.

Kì í ṣe òní ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì mọ òróró ilẹ̀ wa. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, sọ ní 1912 pé níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900, ilé-iṣẹ́ Otto fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kékeré kan, àti pé ìjọba Faransé ló dábàá rẹ̀ nítorí ẹ̀pà tó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní Áfíríkà. Ní 1937, Chavanne, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Brussels, gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí bí a ṣe lè yí epo ọ̀pẹ padà fún ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó di 1938, bọ́ọ̀sì èrò kan ń fi irú epo bẹ́ẹ̀ ná ọ̀nà Brussels sí Louvain.

Ọ̀nà tí mò ń yìn lónìí yàtọ̀ sí ti Chavanne: háídírójìn ló ń lò dípò ọtí. Ìlú Porvoo ní Finland ni ilé-iṣẹ́ Neste ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2007. Wọ́n kọ́ òmíràn sí Singapore ní 2010, àti sí Rotterdam ní 2011. Ní Amẹ́ríkà, Diamond Green Diesel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Norco ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní 2013, wọ́n sì ṣí òmíràn ní 2022 ní Port Arthur ní Texas, tí kò jìnnà sí Houston tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ohun tó ń dé ẹnu ọ̀nà irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́wà lójú rárá: òróró àlòkù láti ilé oúnjẹ, ọ̀rá ẹran láti ilé ìpẹran, ọ̀rá ẹja. Kálukú ló gbé àléébù tirẹ̀ wá. Iyọ̀ wà nínú òróró àlòkù, nítorí iyọ̀ wà nínú oúnjẹ. Èérún egungun wà nínú ọ̀rá ẹran, ó sì mú calcium àti phosphorus dání. Nígbà mìíràn, ike tí wọ́n fi di ẹran pàápàá ti yọ́ sínú ọ̀rá náà, kò sì ní hàn sí ojú títí yóò fi tutù, tí yóò sì dí asẹ́.

Ibí yìí ni àwọn afọpo ti ń fi ara wọn hàn ní ọ̀gá. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí epo náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú táǹkì, kí omi àti pàǹtí tó wúwo lè rì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ásíìdì díẹ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Ásíìdì náà á di àwọn irin kéékèèké mú, omi á sì fọ̀ wọ́n jáde. Ó wá kan amọ̀. Amọ̀ àkànṣe kan ni, tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Wọ́n á pò ó mọ́ epo nínú táǹkì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, níbi tí ìgbóná ti wà ní nǹkan bí 100, amọ̀ á mu àwọ̀ àti ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù, wọ́n á sì sẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí amọ̀ bá kéré jù, ìdọ̀tí á kọjá. Bó bá pọ̀ jù, amọ̀ á mu epo gidi lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí, owó á sì ṣòfò. Ẹni tó mọ ìwọ̀n yìí kò kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, nítorí ọkọ̀ epo tó dé lánàá kò rí bí èyí tó dé lónìí. Òun náà ni yóò pinnu iye òróró burúkú tí a lè lú mọ́ èyí tó dára, kí àdàlù náà lè ṣe é fọ̀.

Ìdọ̀tí tí wọ́n ń jẹ́ kó ṣẹ́kù nínú kilogram epo kan kò ju milligram mélòó kan lọ. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé ohun tó kàn jẹ́ ẹlẹgẹ́. Inú ìkòkò irin gíga ni epo náà ń lọ, ìkòkò náà sì kún fún kóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì, tí a fi nickel àti molybdenum pa lára. Lára kóró wọ̀nyí ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Bí phosphorus tàbí irin bá dé bá wọn, á bò wọ́n lójú, iṣẹ́ wọn á sì kú díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ ní tirẹ̀ á di ohun tó lè mú kí irin tí kì í dípẹtà pàápàá sán. Àṣìṣe kékeré tí ẹni tó ń sẹ́ epo ṣe lónìí lè dá gbogbo ilé-iṣẹ́ dúró lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tó mọ èyí tó sì ń fi ọkàn sọ́ asẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí a mọ rírì rẹ̀.

Nínú ìkòkò náà, háídírójìn ló ń pàdé epo. Ìgbóná ibẹ̀ á tó 300 sí 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìtẹ̀ ibẹ̀ sì lè tó ìlọ́po 50 sí 100 ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Háídírójìn á kọ́kọ́ dí gbogbo àlàfo tó wà lára àwọn ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn èyí, á já eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára igi òòyà, á sì fa ọ́síjìn yọ. Ọ́síjìn á bá háídírójìn lọ, wọ́n á di omi, tàbí kó mú kábọ́ọ̀nù kan dání jáde kó sì di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Igi òòyà, ìyẹn glycerol, kò ṣòfò: á di propane, ọ̀kan nínú gáàsì tí a ń rọ sínú sílíńdà láti fi dáná. Eyín tó kù á di ẹ̀wọ̀n háídírójìn òun kábọ́ọ̀nù pọ́ńbélé, tí kò ní ọ́síjìn kankan mọ́. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ gédégbé kúrò lára bíódísẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì lè mu ún láìlú u mọ́ ohunkóhun.

Iṣẹ́ inú ìkòkò yìí a máa mú ooru tirẹ̀ jáde, ooru náà sì lè sáré kọjá agbára ẹni. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń dá lára epo tó ti jáde padà sínú èyí tó ń wọlé, kí ó lè là á, tí wọ́n sì ń tú háídírójìn tútù sí i láàárín ìpele kan sí èkejì. Bí háídírójìn bá kéré, epo á jóná di èédú lórí kátálíìsì. Ohun mìíràn wà tó wú mi lórí gan-an. Sulphur ló ń jẹ́ kí nickel àti molybdenum yìí wà ní ipò iṣẹ́. Epo rọ̀bì máa ń gbé sulphur tirẹ̀ wá, àmọ́ òróró oúnjẹ kò ní in tó. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa fi sulphur díẹ̀ bọ́ kátálíìsì náà, kí wọ́n sì tún fọ òórùn rẹ̀ kúrò pátápátá lẹ́yìn iṣẹ́, kí dísẹ́ẹ̀lì tó jáde má ní in rárá. Wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kó wọlé, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń lọ nínú ìkòkò irin tí ojú kò lè wọ̀? Wọ́n á bu díẹ̀ nínú epo tó jáde lọ sí ibi àyẹ̀wò, ẹ̀rọ á sì to àwọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n ṣe gùn sí. Bí ọ́síjìn bá jáde bí omi, ẹ̀wọ̀n oníkábọ́ọ̀nù 16 á wà ní 16. Bó bá jáde pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù, á kù 15. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ á fi 15 wé 16, á fi 17 wé 18, á sì mọ bóyá háídírójìn tó, bóyá kátálíìsì ti ń rẹ̀, àti bóyá ó yẹ kí a dín ooru kù. Láti inú ìgò kékeré kan ló ti ń ka ìlera ìkòkò tó ga ju ilé lọ.

Iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tó tọ́ gbọọrọ máa ń tètè dì. Oníkábọ́ọ̀nù 16 máa ń dì ní 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oníkábọ́ọ̀nù 18 sì máa ń dì ní 28. Ọyẹ́ ìdájí Èkó nìkan tó láti mú un ki, ká má tíì sọ ti òtútù Finland. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé epo náà gba ìkòkò kejì, níbi tí kátálíìsì mìíràn, tó sábà máa ń ní platinum nínú, ti ń tẹ àwọn ẹ̀wọ̀n náà kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka. Bí wọ́n bá ti ní ẹ̀ka, wọn kò ní lè tò ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí mọ́, epo á sì máa ṣàn. Àmọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀wọ̀n á já, dísẹ́ẹ̀lì á dín kù, epo fúyẹ́ á sì pọ̀. Ọ̀gá tó ń ṣe èyí á wo ibi tí epo náà ń lọ kó tó tẹ̀ ẹ́: ìwọ̀nba díẹ̀ tó fún Èkó, èyí tó lọ sí àríwá ayé sì gbọ́dọ̀ lè ṣàn nígbà tí òtútù bá kọjá 30 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ẹ wá wo ohun tó jáde. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń tètè gbiná, cetane ni wọ́n ń pè é. Ní Yúróòpù, dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà gbọ́dọ̀ dé 51 ó kéré tán. Èyí tí a fi òróró ṣe yìí a máa kọjá 70. Ohun tí wọ́n fi ṣe òté 100 lórí òṣùwọ̀n náà ni ẹ̀wọ̀n tó tọ́ gbọọrọ tó ní kábọ́ọ̀nù 16. Nǹkan bí 44 nínú 100 àwọn eyín inú epo pupa ló sì jẹ́ oníkábọ́ọ̀nù 16. Bí a bá fa ọ́síjìn yọ lára wọn láìfọwọ́ kan kábọ́ọ̀nù, ohun òté náà gan-an ni yóò jáde. Epo tí àwọn oníṣòwò Erékùṣù Èkó ń kó sọ́kọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí Ẹfúnróyè Tinúbú náà tà, tí wọ́n fi ń se ọṣẹ àti àbẹ́là nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ohun tí gbogbo ayé fi ń wọn dísẹ́ẹ̀lì dání láìsẹ́ni tó mọ̀.

Mi ò ní sọ pé òróró àlòkù Ìkòyí yóò tó fún gbogbo jẹnẹrétọ̀ Ìkòyí. Kò lè tó, nítorí dísẹ́ẹ̀lì tí à ń jó pọ̀ ju ohun tí à ń dín lọ. Ó sì yẹ ká ṣọ́ra: bí owó òróró àlòkù bá wọ́n ju ti tuntun lọ, oníjìbìtì á máa fi tuntun ṣe àlòkù. Síbẹ̀, ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò jìnnà sí wa. Ní ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísẹ́ẹ̀lì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi háídírójìn, ìtẹ̀ àti kátálíìsì ṣiṣẹ́ lórí epo rọ̀bì. Ní Ítálì, ilé-iṣẹ́ Eni sọ ilé ìfọpo àtijọ́ tó wà ní Venice di ti òróró ní 2014, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Gela ní 2019. Ẹni tó mọ èkíní ti kọjá ìdajì ọ̀nà dé èkejì.

Ohun tó kù ni ọ̀nà láti ìdí agbada dé ẹnu táǹkì, owó ló sì ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ń ra òróró àlòkù má máa san iye kan náà fún gbogbo kẹ́ẹ̀gì. Kí ó dán an wò lójú ẹni tó ń tà á, kí ó sì fi owó kún ti ẹni tó sẹ́ tirẹ̀, tó jẹ́ kó gbẹ, tó dé e pa. Iṣẹ́ ìfọpo ni onítọ̀hún ṣe, ẹ jẹ́ kó gba owó afọpo.